Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Ń Pè Lójú Oorun

Láàárọ̀ àná, nínú takisí tó gbé wa láti Ẹnuwá lọ sí Modákẹ́kẹ́, ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì mí, inú sì ń bí ìyá náà gan-an.

"Ìyàwó rẹ wá kó àwọn ọmọ-ọmọ mi kúrò ní yàrá mi, torí pé mò ń sọ̀rọ̀ lójú oorun?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ó ní orúkọ ọmọdé lẹ ń pè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ló bà á."

"Ó rò pé mo fẹ́ pa wọ́n jẹ, àbí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà! Rẹ́jísítà ni mò ń pè!"

"Ó ní ẹ máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan."

"Kí wọ́n lè dáhùn ni! Ìwọ ọkọ ìyàwó, tí mo kọ́ ní ABD, tí orúkọ rẹ wà nínú rẹ́jísítà yẹn, kí lo sọ fún un?"

Ọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé.

"Ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń pè wọ́n sí," ni ìyá náà wí. "Ilé ẹ̀kọ́!"

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti pè mí lọ síbi tó dára bẹ́ẹ̀.