Kọ́kọ́rọ́ Inú Àpò Selvam

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Adésànmí fi pamọ́ sínú fún ọdún márùn-ún, ó sì ti tó àkókò kó jáde báyìí, torí kò sí ẹlòmíì láyé tó lè bá a sọ ọ́. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ń jọ́sìn pẹ̀lú rẹ̀ ní Sharjah ló mọ ẹ̀rí rẹ̀ sórí. Tó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń pàdé níbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí àgbà kan bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa ń pè. Á dìde, á tún kóòtù rẹ̀ ṣe, á ní, "Nígbà tí ọjà Dubai dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n ń dá èèyàn padà sílé bí ẹni ń gbálẹ̀, Ọlọ́run fọwọ́ bò mí." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di Jímọ̀ kan tí ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Kíkí, tó ń kàwé ní yunifásítì, nawọ́ sókè, tó bi í láìsí àfojúdi kankan pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí wọ́n dá padà yẹn ńkọ́? Ẹ mọ ẹnì kankan nínú wọn?" Adésànmí tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó jókòó. Wọ́n rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó mọ ẹnì kan nínú wọn dáadáa. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi tì í jáde.

Ní ọdún 2009, Adésànmí ń ṣe sìkiọ́ríìtì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Rigga, ní Dubai. Ibẹ̀ ló ti mọ Selvam. Ọmọ Thanjavur ni Selvam, ní gúúsù India. Ó ju Adésànmí lọ dáadáa, òun ló sì ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ omi nínú òtẹ́ẹ̀lì náà. Kumar, àbúrò rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì. Yàrá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn sí ní àdúgbò Deira, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. "Tambi" ni Selvam máa ń pe Adésànmí, ìyẹn àbúrò ní èdè wọn, òun náà á sì máa pè é ní "anna", ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ibà dá Adésànmí dùbúlẹ̀, tí àwọn ará yàrá yòókù ń sá fún un, Selvam ló ń se ìrẹsì rírọ̀ fún un, tó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó báyìí, ọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì Híńdù ìlú rẹ̀ ni yóò máa sọ. "Tambi, òkúta ni gbogbo ẹ̀, látìsàlẹ̀ dókè. Ọba wa kan ló kọ́ ọ, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni ìdílé wa ti ń ta òdòdó. Lọ́jọ́ kan, èmi ni màá mú ẹ débẹ̀."

Nígbà tó yá, àwọn kréènì dúró sójú kan káàkiri Dubai, àlejò òtẹ́ẹ̀lì sì ń dín kù. Wọ́n ti púùlù orí òrùlé, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń lúwẹ̀ẹ́, pa. Ọ́fíìsì sìkiọ́ríìtì ni kọ́kọ́rọ́ géètì ibẹ̀ máa ń wà, lórí ìṣó. Adésànmí máa ń mú un yọ́ gòkè lọ nígbà ìsinmi láti fi fóònù bá Fọláyẹmí, ìyàwó rẹ̀, sọ̀rọ̀. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ní Ìkòròdú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbàgbé géètì ní ṣíṣí. Ó rántí nínú lífíìtì. Ó ní òun á padà lọ tì í. Kò padà. Ọmọ àlejò kan, ọmọbìnrin kékeré, rìn gba géètì yẹn, ó já sínú omi. Selvam tó gòkè lọ wo ẹ̀rọ ló gbọ́ ìró. Ó bẹ́ sínú omi tòun taṣọ, ó gbé ọmọ náà jáde. Ọmọ wúkọ́, ó pọ omi, ó bú sẹ́kún. Ó yè.

Adésànmí máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé títí débẹ̀ yẹn, àṣìṣe ṣì ni. Ta ni ò gbàgbé nǹkan rí? Èyí tó wá tẹ̀lé e ni kò lórúkọ rere kankan. Mánẹ́jà ń pariwo pé, "Ta ló ṣí géètì?" gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, ó ti dèrò ilé nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú àpò Adésànmí. Nígbà tí wọ́n ń sáré yí ọmọ ká, ó wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni Selvam àti Kumar jọ ń lò, wọn kì í sì í tì í. Ó rí ṣòkòtò Selvam tó gbé kọ́ síbẹ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò rẹ̀. Ó tiẹ̀ tún ṣòkòtò náà gbé kọ́ dáadáa, ìyẹn sì ni nǹkan tó ń dẹ́rù bà á jù lọ tó bá rántí. Mánẹ́jà pè é wọ ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn ní títì. "Ǹjẹ́ o ti rí Selvam níbi púùlù yẹn rí?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo ìgbà ló máa ń wà níbẹ̀." Òótọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e débẹ̀. Òótọ́ yẹn ni Adésànmí fi pa á. Wọ́n yẹ àpò gbogbo òṣìṣẹ́ wò, wọ́n bá kọ́kọ́rọ́. Selvam dúró, omi ṣì ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ìdí tó fi rọrùn fún un láti gba ọmọ là ni pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún ikú. Ó kàn yí ojú sí Kumar, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Adésànmí ò lóye ìwò yẹn nígbà náà. "Khalas," ni mánẹ́jà sọ, ìyẹn ni pé ó ti parí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi Selvam sínú bàálù. Ó di Adésànmí lọ́wọ́ mú kó tó lọ, ó ní, "Tambi, tọ́jú ara ẹ. Tó o bá dé India, wá sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì."

Kumar náà kúrò ní yàrá wọn láìdágbére. Nígbà tó yá, Adésànmí kó wá sí Sharjah, Fọláyẹmí sì wá bá a tọmọ-tọmọ. Ó rí Kumar ní Rolla, àdúgbò kan níbẹ̀, níbi tó ti ń po tíì nínú kaféteríà kékeré kan. Látìgbà náà, tó bá ti fẹ́ gba àdúgbò yẹn kọjá, òdìkejì títì ló máa ń gbà, á fi fóònù sétí bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè Kíkí ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Nígbà tí ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ pé, kò lọ sílé. Ó gba físà India, ó wọ bàálù ní Sharjah, ó sì wọ bọ́ọ̀sì dé Thanjavur.

Ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì náà, ó kọ́kọ́ dúró. Ọmọ ìjọ ni. Ó ń ro ohun tí pásítọ̀ máa sọ tó bá gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wò ó pé ẹni tó purọ́ mọ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ò ní ẹnu láti ṣàyẹ̀wò ilé Ọlọ́run ẹnikẹ́ni. Ó béèrè Selvam lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta òdòdó, ìyá náà nàka. Ọkùnrin náà ti hewú. Ó gbójú sókè láti inú òdòdó tó ń sín, ó wo Adésànmí, ó fò dìde, òdòdó fọ́n sílẹ̀. "Tambi! Mo sọ fún ẹ pé wàá wá!" Ó dì mọ́ ọn títí èémí fẹ́ẹ̀ tán lára rẹ̀. Ó ní kó bọ́ bàtà, ó fà á wọlé. Òkúta ilẹ̀ ti gbóná, Adésànmí ń ta pọ́ún-pọ́ún, Selvam ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó fi màlúù ńlá tí wọ́n gbẹ́ látinú òkúta kan ṣoṣo hàn án, ó fi ilé gogoro tó lọ sókè bí ẹni fẹ́ kan ojú ọ̀run hàn án. Inú rẹ̀ dùn débi pé Adésànmí ò rí àyè ti ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó síbi ibòji, ó rọra ní, "Anna, ṣé Kumar máa ń pè yín?"

Ojú Selvam ṣókùnkùn. "Mi ò ní àbúrò mọ́," ló sọ. "Àwa méjì péré la jọ ń lo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ta ló tún mọ̀ pé a kì í tì í, tó lè ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò mi? Ó máa ń yọ́ mu sìgá lókè. Ó gba iṣẹ́ ara ẹ̀ là, ó fi tèmi dí i. Nígbà tí ìyá wa ń kú lọ, orúkọ ẹ̀ ló ń pè. Mo ní kò gbọ́dọ̀ tẹ ilé wa. Kò wá." Ìgbà yẹn ni ìwò ọjọ́ náà wá yé Adésànmí. Ó ti rò pé ẹnì kan lòun ṣẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta gbígbóná, àyà àti ojú rẹ̀ kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó wá jọ́sìn ń ṣe káàkiri àgbàlá. Selvam pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tambi, ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì!" Adésànmí ò gbórí sókè. "Anna, èmi ni. Èmi ni mo gbàgbé géètì. Èmi ni mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò yín. Kumar ò mọ nǹkan kan."

Ohùn tí Selvam fi dá a lóhùn dà bí ti arúgbó. "Dìde." Ó dìde. Selvam ò lù ú, kò bú u. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ìyá mi pè é títí," ló ń tún sọ, "ìyá mi pè é títí." Nígbà tí Adésànmí ní kó ṣàánú òun, kó dárí ji òun, ó mirí. "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Lọ bá Kumar. Sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀. Sọ fún un pé mo ní kó wá sílé." Ó ṣẹ́jú, ó fikún un pé, "Tó bá ṣì fẹ́."

Ọjọ́ tí Adésànmí dé Sharjah, kò dé ilé kó tó gba Rolla lọ. Kumar ń da tíì láti ife kan sí èkejì. Àwọn oníbàárà ti jókòó. Adésànmí sọ gbogbo rẹ̀ lójú wọn, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Kumar dáwọ́ dúró, tíì ń tú dà sórí tábìlì. Kò béèrè nípa kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀?" "Ó mọ̀. Ó ní kó o wá sílé." Kumar bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káúńtà, ó fi épírọ́ọ̀nù náà bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ẹnì kan ní kí wọ́n lé Adésànmí jáde. Kò dúró de kí wọ́n lé e. Ó lọ dúró síta nínú oòrùn títí Kumar fi jáde wá bá a.

Adésànmí ló gbé ẹrù Kumar dé pápákọ̀ òfuurufú. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ pínyà, Adésànmí ní, "Kumar, jọ̀ọ́, forí jì mí. Mi ò lè dá ìyá yín padà, mi ò sì lè dá ọdún wọ̀nyẹn padà. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni." Kumar gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó fínnífínní, bí ẹni ń wá ojú tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ojú yẹn. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. "Tí mo bá padà dé, tún wá bẹ̀ mí."