Gíláàsì Àpótí Búrẹ́dì

Láyé ìjọba Faransé, nídìí ẹ̀rọ omi ní àdúgbò Jonquet, mo gbọ́ bí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ṣe ń rojọ́ ọkọ rẹ̀ fún ìyá àgbà tó wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá, láti ọjọ́ tí òyìnbó kan ti fi awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ọ̀run sílẹ̀ fún un, a kò tan àtùpà lẹ́yìnkùlé mọ́. Ìràwọ̀ ló fẹ́ yà ní fọ́tò. Bí ọmọ bá ké, á ní kí n gbé e jìnnà, kí ilẹ̀ má baà mì."

"Ṣé ó rí i yà?"

"Ó rí fọ́tò kan yà, lórí gíláàsì tí àwọn ayafọ́tò ń lò. Ó gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ. Èmi sì ń wá gíláàsì tí n ó fi bo àpótí búrẹ́dì mi."

"Háà!"

"Àmì dúdú wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀, Ìyá. Mo rò pé ìgbẹ́ eṣinṣin ni. Mo fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán."

"Ìràwọ̀ ló wá dúdú?"

"Ó ní lórí gíláàsì, ohun tó bá funfun lóde ló ń dúdú. Láti ìgbà náà, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́."

"O ò bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ o. Mo gbé gíláàsì náà padà fún un, mo ní bílẹ̀ bá ti ṣú, kó gbé e sókè, kó fi wo ọ̀run. Gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan kò dín."