Ẹ̀yìn Ìwé Samiratou

Samiratou, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì mi. Kí apá ọ̀tún náà tó kọ̀ fún mi, mo fẹ́ sọ òótọ́ tí mo fi pamọ́ fún ọ. Láàárín oorun àti jíjí, mo máa ń rí bébà tó ń já bọ́ láti òrùlé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdún, bí òdòdó máńgòrò. Mo mú ọ̀kan, mo yí i padà: orúkọ rẹ. Mo mú òmíràn: orúkọ rẹ.

O rántí yàrá tí mo ti ń gba ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nímọ̀ràn nípa ìlera nígbà tí ẹ bá wá sinmi ní Ifangni. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ń tì yín lójú, mo sì ní kí ẹ kọ ìbéèrè láìfi orúkọ sí i, kí ẹ jù ú sínú agolo. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí. N kì í fi bébà ṣòfò. Mo ní ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ tó wà nínú àpò yín ni kí ẹ lò. Marie ọ̀rẹ́ rẹ ní: "Tantí, tí ọkùnrin bá kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí yín, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ máa fi dá a lóhùn!" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín, ìtìjú fò lọ, ẹ sì kọ̀wé.

Wọ́n kọ sínú ọ̀kan pé: "Rọ́bà já nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi wà pọ̀. Níbo ni mo ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí Bàbá mi ò ní gbọ́?" Mo yí i padà. Èsì ìdánwò yunifásítì rẹ ni, orúkọ rẹ hàn gàdàgbà. Bàbá rẹ gan-an, Àmínù, ni mo gbé e lọ bá ní Daagbé. Mo pè é ní ìtọ́jú ọmọ; ìgbéraga ni. "Ẹ ṣeun, Tantí," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Kò jẹ́ kí o padà sí yunifásítì mọ́.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. O wá bá mi, ojú rẹ wú: "Tantí, ta ló sọ fún Bàbá? Marie nìkan ni mo fẹnu sọ fún. Ẹ̀yin ò kúkú mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, àbí?"

Mo wò ọ́ lójú. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ ni kí o bi."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin méjèèjì kì í kí ara yín. Ìsinmi tó tẹ̀lé e, agolo mi ṣófo.

Marie kò sọ nǹkan kan. Èmi ni. Ka èyí sí i létí, dákun, kí ẹ sì dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é.

Bébà tuntun ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Bó bá jẹ́ èébú lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́. Màá kà á.