Àlejò Inú Báàfù

Mi ò dẹtí sí wọn o. Iwájú mi ni tọkọtaya náà jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Dùgbẹ̀ lọ Bódìjà. Ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀:

"Ìgbà wo lẹja yín máa kúrò nínú báàfù tí mo ti ń wẹ̀?"

"Àlejò ni wọ́n. Tí wọ́n bá gbé àrùn wá, tí mo sì dà wọ́n mọ́ ti inú kòtò ẹja ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wọn ló máa kú. À á kọ́kọ́ ya àlejò sọ́tọ̀ ni."

"Màmá yín ń wúkọ́ dé lọ́jọ́sí, ẹ ní kí wọ́n bá àwọn ọmọ sùn."

"Ìyá mi kì í ṣe ẹja!"

"Ó dáa. Ẹ̀yin náà ti Èkó dé lánàá, ẹ sì ń sín. Inú báàfù lẹ ó sùn lónìí. Àwọn ẹja á sún fún yín."