Sípíríǹgì Tí Bàbá Sìrájù Kò Gé

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn. Òtítọ́ kan há mi lọ́fun tó ti fẹ́ pa mí. Bí mi ò bá pọ̀ ọ́ jáde lónìí, bàbá yín á gbé ẹ̀sùn tí kì í ṣe tiwọn wọ inú ilẹ̀ lọ."

Bí Djibril ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírát, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Adjamé. Ó ti kúnlẹ̀ sáàárín ìdì aṣọ. Lóde, àwọn ọmọ ọkọ̀ èrò gbaka ń pe èrò, ohùn wọn ń ya lu ara wọn, ṣùgbọ́n ohùn Awa nìkan ló ń dún létí rẹ̀, obìnrin ẹ̀yà Dyula tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú ilé Bàbá Sìrájù ní Koumassi. Awa ló pè é láàárọ̀: "Wọ́n ti gbé mon vieux, Bàbá Sìrájù, lọ sí ọsibítù ní Treichville. Kò jẹun mọ́. Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń pè."

Ṣàkírát ni ọmọ náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní bàbá.

"Ẹ dìde, ọkọ mi kékeré," ni Ṣàkírát wí. Bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. "Kí ló dé tí ẹ kúnlẹ̀?"

Orúkọ yẹn gún Djibril lọ́kàn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ní kó kọ́kọ́ gbọ́ tòun ná.

Mouritala ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ra mọ́tò kan nígbà náà, mọ́tò tó mọ́ tónítóní, àmọ́ tó ga nílẹ̀. Djibril ní àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń kóra jọ sí Bingerville ní ọjọ́ dimanche tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, mọ́tò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sinmi. "Grand, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe dúró, bí adìyẹ tí kò fẹ́ kí omi kan òun lẹ́sẹ̀." Mouritala kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Bó bá gbà láàárọ̀, á kọ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó sú u, ó gbé mọ́tò lọ bá àna rẹ̀, Bàbá Sìrájù, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Koumassi.

Bàbá wọ abẹ́ mọ́tò, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe. Sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n dìídì ṣe fún un la máa wá, a ò ní gé èyí tó gbé e dúró yìí. Èyí tí wọ́n bá gé kì í jókòó dáadáa. Lọ́jọ́ tó bá fò kúrò láyè rẹ̀, mọ́tò á gba ibi tó bá wù ú lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi ni, pẹ̀lú àwọn kòtò wa yìí, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyàwó rẹ ń jókòó nínú ẹ̀."

Kí wọ́n tó délé, Mouritala ti pinnu. "Djibril, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. A ò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́."

"Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí," ni Djibril sọ fún Ṣàkírát. "Ẹni tó ni mọ́tò ti pinnu. Èmi tí mi ò ní táyà kan níbẹ̀ ni mi ò gbà. Mo ti fi yangàn fáwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wo ohun tí mo torí ẹ̀ pààyàn."

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní òun fẹ́ lọ fọ mọ́tò. Ọ̀dọ̀ ajórin kan létí ọ̀sà ló gbà lọ. Ajórin yẹn kò béèrè ọ̀rọ̀. Ó gé sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná ń ta pàrà, ó sì dá wọn padà. Mọ́tò rọ̀ wá sílẹ̀. "Ó sì dára, ìyàwó wa. Mi ò ní purọ́ mọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i."

Nígbà tí Mouritala rí i, ó la ẹnu láti bínú. Djibril yára gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá ló ṣe é! Wọ́n ti rí èyí tó kúrú yẹn, wọ́n fi ta yín lọ́rẹ. Wọ́n ní kí ẹ má wá dúpẹ́ o, káwọn àna wọn yòókù má baà gbọ́." Mouritala bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ó sọ fún mi," ni Ṣàkírát wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ní bàbá mi fẹ́ràn òun ju èmi tí wọ́n bí lọ."

Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò ńlá kan rọ̀. Mouritala nìkan ló wà nínú mọ́tò, ó ń ti Bingerville bọ̀. Kòtò kan wà lábẹ́ omi. Sípíríǹgì fò yọ, táyà bẹ́, mọ́tò takìtì. Kí wọ́n tó fà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

"Ìyẹn nìkan kọ́," ni Djibril wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Èyí tó burú jù, ojú yín ló ṣe, ẹ kàn ò mọ̀ ni."

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni, nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ṣàkírát tó lóyún sínú dìde láàárín àwọn obìnrin, ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe mọ́tò yẹn?"

"Ọmọ mi, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ọkọ mi sọ fún mi kó tó kú. Ṣé òpùrọ́ ni ọkọ mi ni?"

Lẹ́máàmù bá yíjú sí Djibril. "Ìwọ lo gbé mọ́tò jáde. Ta ló ṣe é?"

Bàbá Sìrájù wò ó. Kò fajú ro. Ńṣe ló ń dúró dè é, bí àgbà ṣe ń dúró de ọmọdé tó mọ̀ pé kò ní já òun kulẹ̀. Djibril gbójú sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: "Bàbá ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ẹni tó tún gbé mọ́tò wá fún Bàbá Sìrájù. Nígbà tí Ṣàkírát bímọ, bàbá fa àgbò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ṣàkírát ní kí wọ́n lé tàgbò tẹni tó fà á wá padà. Djibril gan-an ni wọ́n rán sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó jíṣẹ́ náà.

Bí ọ̀rọ̀ Djibril ṣe parí ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ṣàkírát jókòó sórí ìdì aṣọ, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Djibril. Dìde. Mú mi lọ bá bàbá mi."

Ní Treichville, bàbá ti gbẹ mọ́ ibùsùn. Ṣàkírát wó lé e láyà. "Bàbá, èmi ni. Mo ti gbọ́ òtítọ́. Ẹ má bínú sí mi." Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, kò gbé e kúrò mọ́. Nígbà tó pẹ́ ló tó rí Djibril tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì.

"Ibi tí o ti ní èmi ni," ni bàbá wí, tó ń mí lókè lókè, "lọ sọ níbẹ̀ pé ìwọ ni. Kí o wá padà wá, ká jọ sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Djibril dìde nínú ọgbà yẹn, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ẹnì kankan kò bú u. Àwọn àgbà kan kàn gbé bàtà wọn, wọ́n ń lọ. Ó kọjú sí àwọn ọ̀dọ́, ó ní: "Ẹ̀yin àbúrò mi, ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gé e, ẹ̀gbọ́n mi ì bá nà mí, ì bá sì tán síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa sọ tiyín." Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ṣàkírát tó gbé ọmọ dání. "Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí."

Ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti sin Bàbá Sìrájù.

"Bàbá mi ní kí o padà wá, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀," ni Ṣàkírát wí. "Èmi ò mọ ohun tí wọn ì bá sọ fún ọ."

Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó sì bá àwọn obìnrin jáde lọ.