Àárọ̀ Tí A Dá Típà Dúró

Èmi ni mo parọ́ fún ìyá tó kọ́ mi ní A, B, D. Mi ò ní fi ti ọ̀gá mi ṣáájú. Mo gbọ́ ohùn ìyá náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti há pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí n sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ wa ṣe títì tuntun síwájú ilé ìwé kan ní Ìkòròdú. Ọ̀dà rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń gbé ariwo táyà mì. Àmọ́ tí iyanrìn bá dí ihò yẹn, ariwo á padà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn típà oníyanrìn ń gbà bọ̀ láti Èbúté Ìkòròdú, wọ́n á máa dà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Àdéhùn ni pé tí ariwo bá ṣì pọ̀, iléeṣẹ́ á mọ odi gíga fún ilé ìwé.

Bí títì bá ṣe wà lójoojúmọ́ ló yẹ ká wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ wọ̀n ọ́n, ọ̀gá mi ní kí n fomi fọ̀ ọ́, kí n bẹ àwọn onítípà kí wọ́n dúró di ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wẹ̀ fún títì, ẹ má gbàgbé ìpara o!" Mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mi ní, "Àbúrò, a máa padà wá wọ̀n ọ́n dáadáa." Mo gbà á gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n. Mo wọ̀n ọ́n, ariwo kéré, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Tísà, ìyá tó kọ́ mi yẹn, jáde wá láti inú ilé ìwé. "Wàsíù, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí ìwọ bá ti sọ ọ́, ó tán." Wọ́n fọwọ́ síwèé. Bí odi ṣe di àwátì nìyẹn.

Lọ́sàn-án, kí n tó tú ẹ̀rọ, àwọn típà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Mo rí ohun tí ẹ̀rọ sọ: ariwo ti pọ̀ jù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn, mo fi pamọ́.

A ò padà wọ̀n ọ́n. Ìwé irọ́ yẹn ni ọ̀gá mi gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n títì tibẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn òbí ọmọ ilé ìwé Ìkòròdú wá fẹjọ́ ariwo sùn, ó nàka sí mi: "Ọmọ yìí ló kọ ọ́. Kí ló kàn mí?" Ẹni tó rán mi níṣẹ́! Ó dùn mí dé egungun.

Ìyá Tísà ló gbèjà mi. Wọ́n ní, "Wàsíù ò lè parọ́ fún mi."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé tọ̀ wọ́n? Ìwé ọ̀sán yẹn ṣì wà lápò mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo kọ́ àwọn ọmọ, mo padà. Ìdáhùn kan ni mo ṣì jẹ wọ́n: "Rárá, mà. Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí nìyẹn."