Ògiri Tí Ìyá Mi Ń Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú òyìnbó láìpẹ́, àyà mi ò sì balẹ̀ rárá.

Tíṣà ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo ti gboyè àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní ìlú Sàró, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ gba oyè gíga nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo kọ̀wé sí lókè òkun ní kí n fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́, ilé tí mo fúnra mi yà, tí mo sì dúró tì títí wọ́n fi kọ́ ọ tán. Àkókò tí wọ́n fún mi kò gùn.

Ìjọ wa fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun nígbà náà. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ ní Èkìtì pé bí a bá mọ ìpele ògiri ẹrẹ̀ kan, a máa ń jẹ́ kó gbẹ ká tó mọ òmíràn lé e. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ọjọ́ sì ń lọ. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa mọ ọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ń wojú ara wọn, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Irọ́ ni mo pa.

Kò pẹ́ tí a kan páànù tán ni ògiri apá òsì là láti òkè wá. Èmi nìkan ni mo rí i. Mo dí i, mo rẹ́ ẹ, mo fi ẹfun kùn ún, mo sì ní kí wọ́n wá ya fọ́tò. Ó rẹwà nínú fọ́tò. Òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà mí.

Ògiri náà ti tún là. Mo ń dí i, ó ń là. Ìka mi ń wọ inú rẹ̀ báyìí, ó sì ti ń yọ ikùn síta.

Ẹ jọ̀ọ́, ìdí rẹ̀ gan-an ni ìyá mi máa ń jókòó. Wọ́n á fẹ̀yìn tì í, wọ́n á máa fọwọ́ gbá a fún àwọn ẹgbẹ́ wọn: "Ẹ wò ó, ulé tí ọmọ mi kọ́ rè é." Mo ní kí wọ́n bọ́ sí apá kejì, pé atẹ́gùn wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa, ilé ẹ̀kọ́ á gbọ́, ìrìnàjò mi á dópin. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi ló kọ̀.

Ìjọ sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún mi kí n tó lọ. Inú ilé náà á kún.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? N kò lè kọ orúkọ mi síbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Adó, tí ẹ rí ìyá àgbà kan tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dìde.